Wáyà Máìkì Kò Dé Òkè

Kò sí ẹni tó sọ pé kí Mubarakah má sọ̀rọ̀. Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn. Bí ẹnì kan bá dìde tó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ohùn obìnrin nínú gbọ̀ngàn yẹn, ì bá mọ ẹni tí òun ń bá jà, ì bá sì wá èsì fún un. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára. Alfa tó ń ṣáájú ìrun gan-an sọ níṣojú ìjọ pé òun kò rí ohun tó burú nínú kí obìnrin ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, pé láti ayé Ànábì ni àwọn obìnrin ti ń kọ́ ènìyàn nímọ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ alága, Alhaji Adéjùmọ̀, ló rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ní kò sí wàhálà rárá, wáyà máìkì nìkan ni kò dé òkè.

Òkè ni àwọn obìnrin ń jókòó sí. Ilé ìtajà kápẹ́ẹ̀tì ni ilé àdúrà náà tẹ́lẹ̀, kí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá tó wà ní Manchester tó gbà á. Ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń tẹ́ ojúlówó kápẹ́ẹ̀tì fún oníbàárà wò, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Òkè, níbi tí wọ́n ń kó èyí tí kò tà sí, ni wọ́n fún àwọn obìnrin. Sípíkà kan wà lára ògiri lókè tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ wá bá wọn. Kò sí ohun tó ń gbé tiwọn lọ sísàlẹ̀. Bí sípíkà bá dákẹ́, ẹnì kan á mú bàtà rẹ̀ níbi tó bọ́ ọ sí, á fi gìgísẹ̀ bàtà náà gbá ilẹ̀ pákó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọkùnrin á mọ̀ pé wọn kò gbọ́ràn lókè, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á sì yí ohùn sókè. Àdéhùn wọn nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wọ ilé náà. Ó tó wọn, àfi bí wọ́n bá ní ohun mìíràn láti sọ.

Wọ́n sì ní in. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ilé kéú àwọn ọmọ wọn ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìyá ọmọ ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́, àwọn kan ní ilé ìwòsàn, àwọn kan ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Aago mẹ́sàn-án yẹn gan-an ni wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí ojú wọn pọ́n, tí ẹsẹ̀ wọn wú. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn sún ilé kéú sí ọ̀sán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀, ó gbàgbé rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ọkọ ẹlòmíràn gbé e lọ, ohun tó sọ ni pé àwọn obìnrin ń ráhùn. Ẹ̀kẹta tún gbé e lọ, nígbà tó fi máa jábọ̀, ó ti di pé àwọn ìyá kò fẹ́ ilé kéú mọ́. Ni Alhaja Mọ̀nsúrát, tó jẹ́ Ìyá Àdínnì wọn, bá ní ó tó gẹ́ẹ́, àfi kí obìnrin kan jókòó nínú ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀. Alága ní àbá tó dára ni. Ó ní kí àwọn obìnrin kọ́kọ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ipò obìnrin láyé àtijọ́, kí àwọn ará rí ohun tí wọn máa gbé ìpinnu lé, lẹ́yìn náà kí wọ́n nawọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ké sí Mubarakah. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama kan ní Ìlọrin kó tó gba fisà olùtọ́jú wá sí ìlú òyìnbó. Báyìí, ilé àwọn arúgbó kan ní Dobcross ló ń ṣiṣẹ́, lókè lọ́hùn-ún ní ẹ̀bá pápá olókè, níbi tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá ní mọ́tò, àfi kó bá ẹni tó ní lọ. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò tíì sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kan nípa ìtàn. Ohun tí wọ́n ń bi í ni bóyá Màmá ti lo oògùn, bóyá Bàbá ti yàgbẹ́. Nígbà tí Alhaja Mọ̀nsúrát wá ní, "Mubarakah, ìwọ ló mọ ìwé ayé àtijọ́, bá wa kọ ọ́," ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan pe orúkọ tó ti ń jẹ́ kó tó dé ibí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ó yá ìwé ní láíbìrì. Ó ń kà á nínú mọ́tò, ó ń kà á lásìkò ìsinmi, ó ń kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú kálàmù bíi ti àtijọ́. Azeemah, ọmọ wọn kan tí wọ́n bí sí Manchester, tó ń kàwé ní yunifásítì tó sì ń gbé láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Fallowfield, ló bá a tẹ̀ ẹ́. Àwọn Gíríkì ni Mubarakah fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ní ìlú Áténì, obìnrin kì í dá ara rẹ̀ ní. Bàbá ló ń jẹ́ alágbàtọ́ rẹ̀, ọkọ á gbà á lọ́wọ́ bàbá, bí ọkọ bá kú, ọmọkùnrin tó fi ọmú bọ́ lè di alágbàtọ́ lé e lórí. Kò gbọdọ̀ bá ènìyàn ṣe àdéhùn tó ju òṣùwọ̀n ọkà báálì kan lọ. Bó bá ní ẹjọ́, ọkùnrin rẹ̀ ló máa bá a rò ó. Bó bá sì jẹ́ ọmọlúàbí, wọn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nínú kóòtù, ìyàwó lágbájá tàbí ìyá tàmẹ̀dù ni wọ́n ń pè é, nítorí orúkọ obìnrin tó níyì kì í ṣe ohun tí à ń pè láàárín ọkùnrin.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kọjá sí Íjíbítì, ibẹ̀ sì ni ọkàn rẹ̀ wà. Lásìkò kan náà, ní ilẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ń ti Áténì lọ, obìnrin ń ra ilẹ̀, ó ń tà á, ó ń pe ẹjọ́ ní orúkọ ara rẹ̀, ó lè kọ ọkọ tó bá sú u. Arìnrìn-àjò Gíríkì kan dé ibẹ̀, ẹnu yà á, ó ròyìn pé ayé àwọn ará ibí dojú dé, pé obìnrin ló ń jáde lọ ṣòwò, ọkùnrin ló ń jókòó sílé hun aṣọ. Mubarakah fi ti ìyá arúgbó kan sí i, Náúnákítì lórúkọ rẹ̀, tó dúró níwájú àwọn àgbà ìlú rẹ̀, tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ tó fọwọ́ bọ òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ ogbó ni yóò jogún òun, àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní rí nǹkan. Ó rántí Màmá kan ní Dobcross tí ọmọ rẹ̀ kì í wá, ó fa ìlà sábẹ́ ibẹ̀. Nítorí pé olùkọ́ ni, kò purọ́: ó sọ pé ẹrú wà ní Íjíbítì, pé kì í ṣe gbogbo obìnrin ló rí ayé jẹ. Ó sì mọ ohun tí àwọn ará máa sọ, pé Íjíbítì Firiáónà kọ́ ló yẹ kí Mùsùlùmí máa fi ṣàpẹẹrẹ. Torí náà ló ṣe fi Àsíyà kásẹ̀ rẹ̀ ńlẹ̀. Ìyàwó Firiáónà ni Àsíyà, ọmọ Íjíbítì ni, òun sì ni Ọlọ́run fi ṣàpẹẹrẹ fún àwọn onígbàgbọ́. Nígbà tó fẹ́ bẹ Ọlọ́run kó kọ́ ilé fún òun ní àlùjánnà, kò rán ọkọ rẹ̀ níṣẹ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi bẹ̀ ẹ́.

Azeemah ka ibẹ̀ tán, ó ní kò sí ọkùnrin tó máa gbọ́ èyí tí kò ní nawọ́. Mubarakah náà gbà á gbọ́, nítorí ohun tó dájú ni.

Ó wá ku ẹni tó máa kà á. Wáyà máìkì ṣì ni wọ́n ń sọ pé kò dé òkè. Alága ní kí ọkọ Mubarakah bá a kà á, ṣebí ọkọ òun ìyàwó, ẹnu kan ni. Alhaja Mọ̀nsúrát ní kí wọ́n ra wáyà tó gùn, wọ́n ní àwọn máa gbé e yẹ̀ wò. Ó ní kí Mubarakah sọ̀kalẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ẹnu ọ̀nà kò rọrùn fún un, ibi bàtà ni, kò yẹ ẹni iyì bíi tirẹ̀. Níbi tí ọ̀wọ̀ pọ̀ dé, kò sí ibi tí obìnrin lè fẹsẹ̀ lé.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bú Saifullah o. Báńkì lọkọ Mubarakah ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, táì ló ń wọ̀, àwọn ènìyàn sì ń dìde fún un. Nígbà tí fisà ìyàwó rẹ̀ jáde, tirẹ̀ tẹ̀ lé e ní orúkọ dipẹ́ńdáǹtì, ọ̀rọ̀ tó kórìíra débi pé kì í pè é. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù fúngbà díẹ̀, wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, ó padà sílé. Òun ló ń mú Habeeb ọmọ wọn lọ síléèwé, òun ló ń mú un bọ̀, òun ló ń dáná lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá lọ sí Dobcross. Ọbẹ̀ rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, á pa iná, á lọ jókòó sí pálọ̀, á ṣe bí ẹni tí kò mọ ojú ọ̀nà kíṣíìnì.

Mubarakah mọ gbogbo rẹ̀, ó sì ti ń bá a rù ú láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ilé tí wọ́n háyà, òun nìkan ló sì ní láti fọwọ́ síwèé nígbà tí ọdún bá yípo. Síbẹ̀, lọ́dún tó kọjá, ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ilé náà ní Salford Quays, nígbà tí òyìnbó obìnrin tó wà níbẹ̀ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọwọ́ síwèé síwájú rẹ̀, kò mú kálàmù. Ọkọ rẹ̀ ló yíjú sí. Ó ní, "Dádì Habeeb, ṣé ká fọwọ́ sí i?" Saifullah tún kọ́là ṣe, ó rò ó díẹ̀, ó fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Òyìnbó náà ní kí wọ́n má kánjú. Bẹ́ẹ̀ ni Mubarakah ń ṣe ní báńkì, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe níwájú dókítà. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́ yẹn. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ ni, kò sì fẹ́ kó kéré lójú ara rẹ̀.

Torí náà nígbà tí wọ́n ní kí Saifullah kà á, kò bá wọn jà títí. Ó tiẹ̀ rò ó lọ́kàn pé yóò gbé ọkọ òun níyì, pé àwọn ará yóò rí i lórí ìdúró bíi ti ìgbà tó wà ní báńkì. Ó kó ìwé náà fún un, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó kà á sílé ná. Saifullah ní ṣebí Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, kí ló tún fẹ́ wò nínú Yorùbá. Ó bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà, Saifullah ní òun ti wò ó fìrí. Kò wò ó.

Lókè, àwọn obìnrin fún ara wọn mọ́ iwájú sípíkà. Alhaja Mọ̀nsúrát mú àga kan, Azeemah jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mubarakah pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ohùn alága kọ́kọ́ jáde. Ó kí àwọn ará, ó ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tòní ṣe pàtàkì, ìyàwó arákùnrin wa Saifullah ló kọ ọ́, arákùnrin wa fúnra rẹ̀ ni yóò sì kà á.

Azeemah wo Mubarakah, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò dárúkọ yín o. They've literally just done Athens on you."

Mubarakah náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn, ó ṣì lè rín in.

Saifullah sì kà á dáadáa. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, kò kánjú. Ó ka ti alágbàtọ́, ó ka ti ọkà báálì, ó ka ti kóòtù. Mubarakah ń fi ètè bá a kà á, inú rẹ̀ ń dùn bí ó ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí òun kọ nínú mọ́tò láàárín òkùnkùn ọ̀nà Dobcross tó ń jáde gbangba láàárín ènìyàn. Wọ́n gbọ́ tí àwọn ọkùnrin ń kùn nísàlẹ̀. Ó yí ìwé. Ó ní, "Ó wá ku ilẹ̀ Íjíbítì. Arìnrìn-àjò Gíríkì kan dé ibẹ̀, ó ròyìn pé…" Ó dákẹ́.

Wọ́n rò pé sípíkà ló kú. Alhaja Mọ̀nsúrát ti ń wo bàtà. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ tí Saifullah wúkọ́, tí ìwé ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohùn ẹni tó ń kàwé mọ́.

Ó ní, "Àwọn ará Íjíbítì náà, bákan náà ni. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, ẹ̀yin ará. Gbogbo ayé àtijọ́, bákan náà ni. Níbi gbogbo, obìnrin ní ẹni tó ń gbẹnusọ fún un."

Mubarakah kò kọ́kọ́ lóye ohun tó gbọ́. Ó wo Azeemah, Azeemah ti la ẹnu sílẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin ké Allahu Akbar. Alága gba máìkì, ó ní ẹ̀yin ará ti gbọ́ ọ, obìnrin tó kàwé ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe àwa la sọ ọ́. Ó ní bí gbogbo ayé bá ti ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn, a jẹ́ pé ohun tí àwọn ń ṣe kò burú, kí àwọn ọkọ túbọ̀ máa bá àwọn ìyàwó gbé ọ̀rọ̀ wọn wá.

"Irọ́ ni," Mubarakah wí. Ó wí i fún sípíkà.

Alhaja Mọ̀nsúrát kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó mú bàtà tó sún mọ́ ọn jù, bàtà Mubarakah ni, ó fi gbá ilẹ̀ gbà, gbà. Obìnrin mìíràn mú tirẹ̀, ó gbá a. Kò pẹ́, gbogbo wọn ló ń gbá a, àgbà àti ọmọdé, pákó ń mì, eruku kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ń bú jáde láàárín pákó. Ilé kápẹ́ẹ̀tì yẹn kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Mubarakah rò pé báyìí wọ́n máa dáwọ́ dúró, báyìí ẹnì kan máa gòkè wá bèèrè.

Wọ́n gbọ́ ohùn alága tó ní, "Wọn ò gbọ́ràn lókè. Ẹ yí i sókè fún wọn."

Wọ́n sì yí i sókè. Sípíkà bú ramúramù. Gbogbo ohun tí wọ́n ń lòdì sí wá ń han mọ́ wọn létí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, débi pé ọmọ ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí wọ́n ti ń gbá ilẹ̀ tó ni ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, ẹni rere tó fẹ́ ran àwọn ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ń yí i sókè tó. Láàárín ariwo yẹn ni alága ní kí àwọn tó fẹ́ kí nǹkan wà bó ṣe wà nawọ́. Wọn kò rí ọwọ́ láti òkè. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ọwọ́ ti pọ̀ jù, kò sí ìdí láti ka èyí tó kù.

Mubarakah dìde. Àtẹ̀gùn àwọn obìnrin kò já sínú gbọ̀ngàn, ẹ̀yìnkùlé ló já sí, níbi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, èèyàn á wá yí ilé po kó tó dé ẹnu ọ̀nà iwájú. Òjò ń rọ̀. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, èkejì ṣì wà lọ́wọ́ Alhaja. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti tò lẹ́nu rẹ̀: Náúnákítì, ilẹ̀ tí wọ́n rà, Àsíyà. Ó fẹ́ dúró síbi bàtà yẹn gan-an kó sọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú máa bínú. Ìgbà tó fi ti ilẹ̀kùn, Alfa ti bẹ̀rẹ̀ àdúà ìparí. Gbogbo ọkùnrin tẹ́ ọwọ́, wọ́n di ojú. Ta ló máa já lu àdúà? Ó dúró láàárín bàtà wọn, omi ń kán lára híjáàbù rẹ̀, òun náà tẹ́ ọwọ́, ó ń ṣe àmín.

Nígbà tí wọ́n túká, ó lọ bá alága. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i bó ti yẹ. Ó ní, "Alhaji, ohun tí wọ́n kà yẹn kọ́ ni mo kọ. Ìdajì ni wọ́n kà. Ti Íjíbítì yàtọ̀ pátápátá."

Alhaji Adéjùmọ̀ kò bínú. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní, "Ìyá Habeeb, a gbádùn rẹ̀ gan-an ni. Èyí tó kù yẹn, ẹ sọ ọ́ fún Bàbá Habeeb, wọ́n á bá wa gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀."

Mubarakah wo ẹnu rẹ̀ títí. Ẹni tó bá bú ènìyàn, ènìyàn lè bú u padà, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń rẹ́rìn-ín?

Òkè bọ́ọ̀sì ni wọ́n jókòó sí nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Habeeb sùn lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Saifullah ń wo fèrèsé. Mubarakah gbìyànjú kó dákẹ́ títí wọn yóò fi délé, kò lè dákẹ́.

"Dádì Habeeb, kí ló dé tí ẹ ò ka Íjíbítì?"

Kò yíjú. "Kí n ka kí ni? Kí n dúró níwájú gbogbo wọn, on the mic, kí n máa kà á pé obìnrin ló ń jáde lọ ṣòwò, ọkùnrin ló ń jókòó sílé hun aṣọ? Ta ni wọn ò mọ̀ pé ó ń jókòó sílé nínú wọn? O fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́."

"Àwọn ará Íjíbítì ni mo kọ."

"Èmi lo kọ," Saifullah wí. "O kọ mí síwèé, o wá gbé mi fún ara mi kí n kà á. Ó yẹ kó o bẹ̀ mí."

Mubarakah wò ó. Ó wá inú ara rẹ̀ wò tọkàntọkàn, bóyá lóòótọ́ ni, bóyá èrò yẹn wà níbì kan tí òun kò mọ̀. Kò sí. Àánú ọkọ rẹ̀ ì bá ṣe é bó bá rí i níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ìlú yìí, kò sí ohun tó ṣe tí kò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé báwo ni yóò ṣe rí lójú ọkọ òun: aṣọ tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ẹni tó kí, ibi tí kálàmù máa kọ́kọ́ kọjú sí. Ìgbà tó ń kọ ìwé yẹn nìkan ṣoṣo ni ó gbàgbé rẹ̀. Ìgbà yẹn nìkan ni orí rẹ̀ ṣófo kúrò lọ́dọ̀ Saifullah, tó kún fún ohun mìíràn, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì mú padà tó di ọ̀rọ̀ Saifullah. Ó fẹ́ sọ fún un pé òun kò ronú kàn án rárá. Ó mọ̀ pé ìyẹn ló máa dùn ún jù, ó gbé e mì.

Kò bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ọmọ. Lójú òpó Wásáàpù àwọn obìnrin, Azeemah kó gbogbo ìwé náà síbẹ̀, wọ́n kà á, wọ́n yìn ín, àwọn kan sunkún. Kò sí ọkùnrin kankan nínú òpó náà. Ilé kéú ṣì jẹ́ aago mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ ìwé ilé pé. Wọ́n wọ tíráàmù lọ sí Salford Quays, Saifullah wọ ẹ̀wù tó lọ̀ dáadáa. Òyìnbó ọjọ́sí ló tún wà níbẹ̀, ó rántí wọn, ó kí àwọn méjèèjì. Ó gbé ẹ̀rọ náà wá. Nítorí pé ó rántí bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́dún tó kọjá, kò gbé e síwájú ẹnì kankan, àárín tábìlì ló gbé e sí, ó fi kálàmù rẹ̀ lé e. Ó ní bóyá wọ́n fẹ́ kí òun fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ láàárín ara wọn.

Saifullah tún kọ́là ṣe. Ó gbin díẹ̀. Ó yíjú díẹ̀ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ń dúró de ìbéèrè.

Mubarakah ní kò sí ohun tí àwọn fẹ́ sọ. Ó fa ẹ̀rọ náà mọ́ra, ó fọwọ́ sí i, ó dá kálàmù padà. Òyìnbó dúpẹ́, ó ní ó ti parí nìyẹn. Kò wo Saifullah. Kò ní ìdí tí yóò fi wò ó, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mubarakah ti rò pé ara òun máa fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ìbínú tó gbé wá sí ọ́fíìsì náà ló gbé jáde, ó tún wúwo sí i. Lóde, atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí omi, àwọn ènìyàn ń bá iṣẹ́ wọn lọ, Saifullah sì dúró níbi tíráàmù, ó la ẹnu bíi kó sọ nǹkan, ó pa á dé. Mubarakah mọ ojú yẹn. Ojú tí òun gbé sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn nínú òjò lọ́jọ́ Àìkú ni, kò yàtọ̀ rárá. Ó sún ẹsẹ̀ díẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ lè rí àyè dúró lábẹ́ ibòji, àwọn méjèèjì sì ń retí tíráàmù.